Dì, dí àti di: ọ̀rọ̀ páìpù omi ìdọ̀tí nígbà òtútù

Lẹ́tà méjì péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta yìí ní. Ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹni tí ó bá sì kọ wọ́n láìfi àmì sí i ti sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan. Gbólóhùn kan nìyí tí ó kó wọn pọ̀:

Omi inú páìpù dì, ó di yìnyín, yìnyín náà sì dí páìpù.

Ìtumọ̀

dì (ohùn ìsàlẹ̀): kí ohun tí ń ṣàn le nítorí òtútù. Àpẹẹrẹ: Ẹ̀kọ náà ti dì. Àdí àgbọn máa ń dì nígbà ọyẹ́. Ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀ ni dídì: omi dídì, òjò dídì.

dí (ohùn òkè): kí ọ̀nà tàbí ihò má ṣe gba nǹkan kọjá mọ́, láti di ìdènà fún nǹkan. Àpẹẹrẹ: Gọ́tà ti dí. Imú mi dí. Ilẹ̀ tí ó ya ti dí ọ̀nà. Inú rẹ̀ ni a ti rí «ọwọ́ mi dí».

di (ohùn àárín): láti kúrò ní ipò kan bọ́ sí òmíràn. Àpẹẹrẹ: Ọmọ náà ti di àgbà. Omi di yìnyín.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra níbí. Dì mìíràn wà tí ó túmọ̀ sí láti so nǹkan pọ̀. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, ohùn rẹ̀ yóò gòkè sí àárín: «ó di ẹrù rẹ̀», ṣùgbọ́n «ó dì í». Dì ti omi kì í gba àbọ̀, nítorí náà ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀.

Ìdí tí ó fi ṣe pàtàkì

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí wọ́n ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé sí mi lórí fóònù ní Mowe: «Aburo, paipu idana ti di o. Omi o lo.» Ní agbègbè Ọbáfẹ́mi-Owódé wa níhìn-ín, omi kì í dì nínú páìpù. Ọ̀rá, yanrìn àti ìyókù oúnjẹ ni ó máa ń dí i. Nítorí náà, dí ni mo kà. Mo ní kí wọ́n da kọ́sítíìkì sódà, irú èyí tí àwọn tí ń ṣe ọṣẹ ń lò, sínú síǹkì.

Wọ́n ti dà á kí àwòrán tó dé: páìpù oníke tí ó gba ara ògiri ẹ̀yìn ilé, tí yìnyín yọrí lẹ́nu rẹ̀. Dì ni wọ́n kọ. Kọ́sítíìkì náà kò rí ibi kọjá, ó dúró sínú omi síǹkì, bẹ́ẹ̀ ó máa ń bó ara, ó sì lè fọ́ ojú ẹni. Ọmọ wọn, ọmọ ọdún 3, wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì náà. Mo pè wọ́n kíákíá, wọ́n gbé ọmọ kúrò, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Kò sí ẹni tí ó fara pa. Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ìmọ̀ràn rere àti ewu.

Bí a ṣe ń mọ èwo ni èwo

Omi máa ń dì bí òtútù bá dé ìwọ̀n 0 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì máa ń fẹ̀ sí i ní bí ìdá 9 nínú 100. Bí síǹkì bá ń gbe omi dáadáa lálẹ́, tí kò gbé e mọ́ láàárọ̀ lẹ́yìn òru olótùútù, tí páìpù rẹ̀ sì gba ìta, omi ni ó dì. Bí ó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni omi ń falẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, páìpù ni ó dí.

Ohun kan náà máa ń ṣẹlẹ̀ sí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbé omi jáde lára bọ́ílà, ẹ̀rọ tí ń mú ilé móoru. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, èyí tí ó tutù jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú àkọsílẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1910, ọ̀pọ̀ bọ́ílà ni ó dákẹ́ nítorí èyí nìkan.

Ohun tí a ń ṣe

Ẹ má ṣe lo iná, ẹ má sì lo omi tí ń hó, nítorí ike lè sán. Omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ máa rọ sí ara páìpù lóde, tàbí kí ẹ fi aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná wé e. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu tí omi ń gbà jáde, kí èyí tí ó bá yọ́ lè rí ọ̀nà lọ. Ẹ ṣọ́ omi tí ó bá dà sílẹ̀, nítorí òun náà yóò dì, yóò sì máa yọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohun tí ń dá ooru dúró bo páìpù náà.

Àkíyèsí fún àwọn atúmọ̀ èdè

1. Ní pípé, páìpù kì í dì, omi inú rẹ̀ ni ó ń dì. Ẹ kọ «omi ti dì nínú páìpù».

2. Yọ́ ni ti ohun tí ó dì tí ó padà di omi: «yìnyín náà ti yọ́». Ẹ má ṣe kọ «ẹ yọ́ páìpù», ìyẹn ni pé kí wọ́n fi ooru sọ ike di omi. «Ẹ yọ páìpù» sì túmọ̀ sí pé kí wọ́n tú u kúrò lára ògiri. Ẹ kọ «ẹ yọ́ yìnyín inú páìpù». Páìpù tí ó dí ni a ń là tàbí tí a ń ṣí.

3. Ẹ sọ irú páìpù tí ọ̀rọ̀ kàn. Ní Texas, níbi tí òtútù oṣù Kejì ọdún 2021 ti fọ́ ọ̀pọ̀ páìpù, ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fún ará ìlú ni pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ omi máa kán díẹ̀díẹ̀. Páìpù tí ń gbé omi mímọ́ wọlé ni ìyẹn wà fún. Ní ti páìpù omi ìdọ̀tí tí ó gba ìta, omi tí ń kán gan-an ni ó ń dì ní ìpele-ìpele títí yóò fi dí i.

4. Nínú Bíbélì Yorùbá, òjò dídì àti yìnyín kì í ṣe ohun kan náà: èkíní rọ̀, èkejì le. Yìnyín tàbí omi dídì ni ó bá inú páìpù mu.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe. Èmi náà ti kọ ètò tí ń gé àmì ohùn kúrò kí ènìyàn lè tètè rí ọ̀rọ̀ tí ó ń wá. Ó dára fún wíwá ọ̀rọ̀, kò dára fún fífún ènìyàn ní ìmọ̀ràn. Bí fóònù yín kò bá gba àmì, ẹ fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀: «omi ti di yinyin ninu paipu» kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.