Ọmọ Ẹṣin Tí Kò Tọ̀

Aago méjì òru kù díẹ̀ nígbà tí àbúrò mi kanlẹ̀kùn yàrá tí mo ti ń tògbé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde, omi abo ẹṣin náà ti ya." Oṣù kẹta ni, nítòsí Lexington ní ìpínlẹ̀ Kentucky, òtútù sì ń ta mí létí bí abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ òru ni àbúrò mi ń ṣe ní ọgbà ẹṣin kan níbẹ̀: ó ń ṣọ́ àwọn abo ẹṣin tó fẹ́ bímọ. Ẹṣin tí wọ́n fi ń sáré ìje ni wọ́n ń sìn. Bí oṣù mọ́kànlá ni oyún wọn ń gbà.

Ẹsẹ̀ iwájú ọmọ náà méjèèjì ló kọ́kọ́ yọ, imú tẹ̀ lé e. Mo kúnlẹ̀ sórí koríko gbígbẹ, mo sì wo pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Nǹkan funfun rírọ̀ kan wà lẹ́nu pátákò náà, ó rí bí ọmọ ìka tó wú nínú omi. Òun ni kì í jẹ́ kí pátákò gún ilé ọmọ ìyá rẹ̀. Akọ ni. Mo kí ìyá rẹ̀ pé ó kú ewu ọmọ.

Ọmọ ẹṣin kì í fi àkókò ṣòfò. Láàrin wákàtí kan ó yẹ kó dìde, láàrin méjì kó ti rí ọmú mu, nígbà tó bá fi máa di wákàtí mẹ́ta, kí ibi ti bọ́ lára ìyá. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni eléyìí fi ń dìde, tó ń ṣubú. Àbúrò mi ń kọ gbogbo rẹ̀ sórí pátákó kékeré tó fi kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn. Ojú ibì kan ló ṣófo: ìtọ̀. Akọ sábà máa ń kọ́kọ́ tọ̀ ní bíi wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn ìbí, abo lè pẹ́ tó bíi mọ́kànlá. Ilẹ̀ mọ́, oòrùn yọ, kò tọ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n gbé tìyá tọmọ sínú ọkọ̀.

Ní ilé ìwòsàn ẹṣin, wọ́n tẹ́ ọmọ náà sórí fóòmù, wọ́n fi igi dá ìyá rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè máa gbóòórùn rẹ̀. Dókítà ẹran gba ẹ̀jẹ̀. Creatinine, ìdọ̀tí ara tí kíndìnrín ń sẹ́ jáde, jẹ́ 3.9. Ó ga, àmọ́ dókítà náà ò tíì fòyà. Ó ní bí ibi ìyá kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ìdọ̀tí lè jọ sára ọmọ kí wọ́n tó bí i, kí kíndìnrín ọmọ fúnra rẹ̀ má lárùn kankan. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, láàrin ọjọ́ kan sí méjì ni yóò já wálẹ̀. Wọ́n fi omi sí i lára díẹ̀díẹ̀. Gentamicin, tí a ń pè ní genta nílé, tí wọ́n sábà ń fún ọmọ ẹṣin tí kò lágbára, wọn ò fún un, torí kíndìnrín ni oògùn náà ń bá jà.

Lọ́jọ́ kejì, 5.6. Lọ́jọ́ kẹta, 8.1.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Nígbà tó wà nínú, kíndìnrín ìyá rẹ̀ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Ó ń dàgbà, ó ń tapá, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ohun kan ṣe é. Ọjọ́ tí ìwọ́ já ni tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí kò sì lè ṣe é. Ìpéǹpéjú rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, torí omi tó ń wọlé kò rí ọ̀nà jáde.

Wọ́n fá irun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n pa ohun tó ń yọ̀ sí i, wọ́n gbé skáànù lé e. Kíndìnrín ọ̀tún ẹṣin máa ń rí bí ọkàn, tòsì bí ẹ̀wà. Èyí tí mo rí kò rí bí ọ̀kankan. Wọ́n kéré, wọ́n rí kókókó, ààlà tó yẹ kó wà láàrin èèpo òde àti inú wọn ti parẹ́. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í di kíndìnrín, wọn ò parí rẹ̀. Bó bá ṣe pé ẹyọ kan ni kò sí, èkejì ì bá gbé e dàgbà láìsí ẹni tó máa mọ̀.

Dókítà bi àwọn tó ni ẹṣin bóyá wọ́n tọ́jú ìyá fún EPM nígbà tó lóyún. EPM ni àrùn tó ń ba mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ẹṣin jẹ́. Ìgbẹ́ ẹranko opossum ni ẹṣin fi ń kó o. Ó nídìí tó fi bi wọ́n. Lọ́dún 1998, ìròyìn jáde nípa ọmọ ẹṣin mẹ́ta tí kíndìnrín wọn kò pé tàbí tó bàjẹ́, tí mùdùnmúdùn eegun wọn kò sì mú ẹ̀jẹ̀ jáde bó ṣe yẹ. Gbogbo ìyá wọn ló lo sulfonamide àti pyrimethamine láti fi wo EPM nínú oyún, pẹ̀lú fítámìn folic acid tí wọ́n rò pé yóò dáàbò bò wọ́n. Síbẹ̀ fítámìn náà, folate, kéré lára àwọn ọmọ náà. Irú oògùn méjèèjì yìí ló wà nínú Fansidar tí a máa ń fi wo ibà nílé tẹ́lẹ̀.

Wọ́n ní rárá, ìyá eléyìí kò lo nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sí okùnfà tí ènìyàn lè tọ́ka sí, èyí ló sì dùn mí jù.

Kò sí kíndìnrín tí wọ́n lè fi pààrọ̀ tiẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, àbúrò mi gbé orí rẹ̀ lé itan, dókítà gún un lábẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Ìyá ń han títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹṣin ní Ìlọrin àti níbikíbi, mo bẹ̀ yín: ẹ má fi oògùn kankan sẹ́nu abo ẹṣin tó lóyún láì bi dókítà ẹran. Bó bá sì bímọ, bí ẹ ṣe ń ṣọ́ ọmú tí ọmọ ń mu, ẹ ṣọ́ ìtọ̀ rẹ̀ náà.