Oyin Ìsọmọlórúkọ

Bí ọmọ tuntun bá pé ọjọ́ mẹ́jọ nínú ilé wa ní Ifangni, oyin wà lára ohun tí a fi ń wúre fún un. A ó ní kí ayé rẹ̀ dùn bí oyin, a ó sì tọ́ díẹ̀ sí i lẹ́nu. Ìwúre náà dára. Ṣùgbọ́n nípa oyin náà, ohun mẹ́ta ni a fẹ́ kí ẹ kíyè sí.

Èkíní, inú kí ni wọ́n rọ ọ́ sí? Gbogbo wa la mọ bídọ́ọ̀ tí wọ́n fi ń gbé epo kpayo gba Igolo wọlé. Ike a máa mu epo sára. Bí a tilẹ̀ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méje, oyin tí a bá rọ sínú rẹ̀ yóò fa òórùn náà. Bídọ́ọ̀ oògùn oko tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgò tó mọ́ ni ó yẹ oyin.

Èkejì, oògùn apakòkòrò. Bí a bá fọ́n ọn sí òdòdó, kòkòrò oyin yóò gbé e lọ sílé. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní Switzerland yẹ oyin 198 wò láti káàkiri ayé: nínú mẹ́rin-mẹ́rin, mẹ́ta ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ díẹ̀ nínú. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ má fọ́n oògùn sí òdòdó tó ti là. Bí ẹ bá sì máa fọ́n ọn rárá, ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́ tí oyin ti wọlé.

Ẹ̀kẹta ló ká wa lára jù. Oyin tó mọ́ jù lọ pàápàá lè ní irúgbìn kòkòrò àìfojúrí kan tí ń gbé inú ilẹ̀. Àgbàlagbà lè lá a kó má ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nínú ìfun ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, irúgbìn yìí lè hù, kó sì tú májèlé jáde. Ní 1976 ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀ lára ọmọ ọwọ́. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó lè pa ọmọ. Ìgbẹ́ ọmọ a gan, kò ní lè fa ọmú dáadáa, ẹkún rẹ̀ a lọ sílẹ̀, ọrùn rẹ̀ a rọ̀. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ má fi agbo dán an wò. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Sísè oyin nílé kò sì lè pa irúgbìn náà.

Ṣé kí a wá pa àṣà wa tì ni? Rárá o. Kí bàbá, ìyá àti ìyá àgbà lá oyin náà ní orúkọ ọmọ, kí gbogbo ilé ṣe àmín. Bó bá ti lé ní ọdún kan, yóò lá tirẹ̀.