Kí ni iná ara Raspberry Pi ń sọ?

Raspberry Pi 4 kò ní ojú tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó wọnú àtẹ́lẹwọ́ ni, pátákó kan ṣoṣo tí wọ́n to gbogbo èlò rẹ̀ lé, tí ilé-iṣẹ́ kan ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2019. Bí ẹ bá so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n tí kò gbé nǹkan kan jáde, iná wínníwínní méjì tó wà létí ibi tí wáyà ti ń wọlé ló kù tí ẹ lè bi léèrè.

Iná pupa kò mọ̀ ju agbára lọ. Bí iná tó ń wọlé bá já wálẹ̀ sí nǹkan bíi fóltì 4.63, iná pupa náà kò ní dúró sójú kan mọ́. Ṣájà fóònù àtijọ́ ló sábà máa ń fà á. Ẹnu wáyà lè bára mu kí agbára má tó: fóltì 5 àti áńpù 3 ni Pi 4 ń fẹ́, wáyà tó gùn tó sì tún tín-ín-rín á sì ti jẹ nínú rẹ̀ kó tó dé.

Àwọn Pi 4 tí wọ́n kọ́kọ́ jáde tún ní àléébù tiwọn. Rẹsísítọ̀ kan ni wọ́n fi síbi tó yẹ kí wọ́n fi méjì sí lẹ́nu USB-C. Bí ẹ bá ki wáyà láptọ́ọ̀pù olówó ńlá bọ̀ ọ́, ṣájà á rò pé ohun èlò agbọ́hùn ni wọ́n so mọ́ òun, kò sì ní fún un níná rárá. Wáyà pọ́ọ́kú kàn tàn án ní tiẹ̀. Wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn náà.

Iná aláwọ̀ ewé ni àwọn èèyàn ń ṣì gbọ́ jù. Wọ́n rò pé bó bá tàn, àlàáfíà ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́: ó ń ṣẹ́jú nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ka káàdì ìpamọ́, ìṣẹ́jú náà kì í sì í ní ètò. Ìgbà tó bá ń ṣẹ́jú ní iye kan náà, tó dánu dúró, tó tún bẹ̀rẹ̀, ìyẹn gan-an ni kí ẹ máa kà. Mẹ́rin: kò rí fáìlì tó fi ń jí lórí káàdì. Méje: kò rí kernel, ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ. Ẹ tún káàdì kọ, ó tán. Mẹ́jọ ló burú, torí RAM, ìrántí ẹ̀rọ, ló ní àìsàn, káàdì tuntun kò sì lè wò ó. Bó bá yára jù fún ojú yín, ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀.

Ohun tí ẹ so mọ́ Pi 4 náà ń jẹ nínú agbára rẹ̀. Ojú USB búlúù méjì ló yára, dísíìkì ni kí ẹ fi sí i; kíbọ́ọ̀dù àti máòsì, dúdú méjì ti tó wọn. Ṣùgbọ́n áńpù 1.2 péré ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń pín. Ohun mìíràn tún wà: ariwo USB 3.0, ìyẹn àwọn ojú búlúù, máa ń bọ́ sórí ìgbì 2.4GHz tí máòsì aláìníwáyà ń lò, ilé-iṣẹ́ Intel ti kọ̀wé lé e láti ọdún 2012. Nítorí náà, bí máòsì aláìníwáyà bá ń kọ́sẹ̀ nígbà tí dísíìkì ń ṣiṣẹ́, ẹ má tíì sọ máòsì nù.

Pi 5, tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ti yí ìtumọ̀ padà. Iná kan ṣoṣo ló ní: pupa ni pé iná wà lára rẹ̀ ṣùgbọ́n wọ́n ti pa ẹ̀rọ, aláwọ̀ ewé ni pé ó ń ṣiṣẹ́. Ṣájà áńpù 5 ló ń béèrè. Bí ẹ bá fún un ní ti 3, á tàn o, ṣùgbọ́n áńpù 0.6 ni gbogbo ojú USB rẹ̀ á máa pín.