Kí ló dé tí géèmù tuntun fi ń jáde láìtíì parí? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Cyberpunk 2077

Ká ní ẹnì kan gbé aṣọ fún télọ̀ nítorí ọdún Kérésì. Télọ̀ gbowó pé, ó dá ọjọ́, ó yẹ ọjọ́, ó tún un yẹ̀. Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, ó gbé aṣọ jáde: ọrùn ti wà, apá kan ti wà, apá kejì ṣì rọ̀ dirodiro. Ó wá ní, "Ẹ ṣáà máa wọ̀ ọ́ báyìí. Tí ọdún bá ti kọjá, ẹ gbé e padà wá kí n bá yín parí ẹ̀."

Kò sí oníbàárà tó máa gba irú ẹ̀. Àmọ́ nídìí òwò géèmù, ìyẹn eré orí kọ̀ǹpútà, PlayStation àti Xbox, ó ti di ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́. Owó tó pé pérépéré sì ni àwọn èèyàn ń san.

Kí ni wọ́n ń pè ní bug?

Àkójọ àṣẹ tí àwọn èèyàn kọ fún ẹ̀rọ ni géèmù. Nínú géèmù ńlá, ìlà àṣẹ bẹ́ẹ̀ pọ̀ débi pé kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó mọ gbogbo ẹ̀ tán. Bí ìlà kan bá ta ko òmíràn, ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò tẹ́lẹ̀ lè ṣẹlẹ̀: mọ́tò lè máa fò lókè, èèyàn inú géèmù lè rì wọnú ògiri, tàbí kí ẹ̀rọ kàn dákú lójijì. Àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní bug, ìyẹn kòkòrò.

Kò sí géèmù tí kò ní kòkòrò rárá. Àmọ́ kòkòrò méjì mẹ́ta tó fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò ní jẹ́ kí èèyàn rí eré tó sanwó fún ṣe.

Bí ọ̀rọ̀ Cyberpunk 2077 ṣe rí

Ilé iṣẹ́ CD Projekt Red tó wà ní ìlú Warsaw, lórílẹ̀-èdè Pólándì, ló ṣe géèmù yìí. Àwọn náà ló ṣe The Witcher 3 tó jáde lọ́dún 2015, èyí tó sọ wọ́n di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ọdún 2012 ni wọ́n ti kéde pé àwọn máa ṣe Cyberpunk. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 2019, òṣèré Keanu Reeves, tóun náà wà nínú géèmù ọ̀hún, bọ́ sórí pèpéle níbi ayẹyẹ E3 ní Los Angeles láti kéde ọjọ́ tó máa jáde: ọjọ́ 16, oṣù Kẹrin, ọdún 2020. Ariwo sọ.

Oṣù Kẹrin ò bọ́ sí i mọ́. Wọ́n sún un sí oṣù Kẹsàn-án, wọ́n tún sún un sí oṣù Kọkànlá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, wọ́n kéde pé iṣẹ́ ti parí débi pé wọ́n lè máa tẹ̀ ẹ́ sórí díìsìkì. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi ní ó di ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá.

Nígbà tó fi máa jáde, àwọn tó ti sanwó ẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 8. Àwọn akọ̀ròyìn tí wọ́n fún ní géèmù náà láti yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú, ti kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n rí gbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yìn ín, bó tiẹ̀ jẹ́ pé wọ́n mẹ́nu ba kòkòrò inú ẹ̀. Àmọ́ PlayStation 4 àti Xbox One, ẹ̀rọ tó ti wà láti ọdún 2013, ló wà nílé ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹrù géèmù náà sì wúwo jù fún wọn. Ọjọ́ tó jáde gan-an làwọn yẹn tó mọ ohun tí wọ́n rà. Àwòrán ń ṣe bàìbàì, eré ń fà bí ìgbín, ẹ̀rọ ń kú lójijì.

Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ilé iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, wọ́n ní ó yẹ káwọn ti fi bó ṣe rí lórí ẹ̀rọ àtijọ́ han aráyé kó tó jáde. Ní ọjọ́ 18, oṣù náà, Sony yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ PlayStation Store, wọ́n sì ní àwọn máa dá owó padà fáwọn tó bá fẹ́. Irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀ rárá fún géèmù tó lókìkí tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 21, oṣù Kẹfà, ọdún 2021 ló tó padà sórí àtẹ. Iye ìpín ìdókòwò ilé iṣẹ́ náà já wálẹ̀, àwọn olùdókòwò gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi mílíọ̀nù 1.85 dọ́là yanjú ẹ̀.

Kí ló ń fà á?

Àkọ́kọ́ ni íntánẹ́ẹ̀tì. Láyé àtijọ́, inú páálí ike ni géèmù máa ń wà. Tó bá ti kúrò ní ilé iṣẹ́, àtúnṣe ò sí mọ́. Lọ́dún 1982, ilé iṣẹ́ Atari fẹ́ kí géèmù E.T. bá ọjà Kérésì, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni wọ́n fi ṣe é. Ọjà ò gbà á. Lọ́dún 1983, wọ́n lọ kó ọ̀pọ̀ ẹ̀ dà sí ààtàn ní ìlú Alamogordo, ní New Mexico, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti hú u jáde lọ́dún 2014. Lónìí, kò dìgbà téèyàn bá sin géèmù tó bàjẹ́. Wọ́n á fi àbùlẹ̀ ránṣẹ́ látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Àǹfààní ńlá lèyí, àmọ́ ó tún ti sọ ọ̀rọ̀ "a máa tún un ṣe tó bá yá" di ohun tó rọrùn láti sọ.

Èkejì ni ọjọ́. Owó ìpolówó ti jáde, àwọn olùdókòwò ń retí èrè, Kérésì sì ń bọ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yẹ ọjọ́ ni owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ á tún lé sí i. Àwọn tó ń dán géèmù wò sábà máa ń rí kòkòrò náà. Àmọ́ àwọn ọ̀gá ló ń pinnu èyí tí wọ́n máa pa àti èyí tí wọ́n máa fi sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni owó tí àwọn èèyàn ń san sílẹ̀. Télọ̀ tó ti gbowó pé kì í kánjú parí aṣọ.

Ta ló ń jìyà ẹ̀?

Àwọn òṣìṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń jẹ ẹ́. Lọ́dún 2019, CD Projekt Red ṣèlérí pé àwọn ò ní fi dandan mú òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́ kọjá àkókò. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, wọ́n sọ fún wọn pé ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n á máa fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀. Síbẹ̀, géèmù náà ò tíì jinná nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, Marcin Iwiński, ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, jáde nínú fídíò, ó ní kí aráyé má ṣe dá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́bi, pé àwọn ọ̀gá ló fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn wọn làwọn tó ń ta géèmù. Lọ́dọ̀ wa níbí, ìyà ọ̀hún ní ti ẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó ra díìsìkì lè rò pé òun ti sanwó tán, kò tíì san ti dátà. Àbùlẹ̀ kan péré tí wọ́n ṣe fún Cyberpunk ní oṣù Kẹta ọdún 2021 lé ní 30GB lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ń fà, tí iná mànàmáná tún ń ṣe ségesège, lè fi ọjọ́ mélòó kan dúró kó tó wọlé. Tí kò bá sì rówó dátà, èyí tí ò tíì parí yẹn ló máa wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ṣé kò wá sí àtúnṣe?

Ó wà. CD Projekt Red ò pa Cyberpunk tì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n gbé àtúnṣe ńlá tí wọ́n pè ní 2.0 jáde, àfikún tó ń jẹ́ Phantom Liberty sì tẹ̀ lé e. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n ti tà á tó mílíọ̀nù 25. Bẹ́ẹ̀ náà ni No Man's Sky, tí inú ọ̀pọ̀ èèyàn ò dùn sí lọ́dún 2016, ṣe fi àfikún ọ̀fẹ́ tún orúkọ ara ẹ̀ ṣe.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká yí i wò. Ẹni tó nífẹ̀ẹ́ géèmù náà jù, tó sanwó ṣáájú, òun ló rà á lówó gọbọi nígbà tó burú jù. Ẹni tó dúró, òun ló wá rà á ní ẹ̀dínwó nígbà tó dáa jù.

Kì í ṣe pé títa ohun tí ò tíì parí fúnra ẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ilé iṣẹ́ Larian ti Bẹ́ljíọ̀mù gbé Baldur's Gate 3 sórí àtẹ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, wọ́n sì sọ fáwọn tó ń rà á pé kò tíì parí. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbọ́ àròyé wọn, tí wọ́n ń tún un ṣe, kó tó jáde tán ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Géèmù yẹn ló gba àmì ẹ̀yẹ géèmù tó dáa jù lọ́dún náà níbi The Game Awards. Ohun tó ya àwọn méjèèjì ni pé ọ̀kan sọ òótọ́ kó tó gbowó.

Kí ni oníbàárà lè ṣe?

• Ẹ má sanwó sílẹ̀ láìnídìí. Géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í tán lórí àtẹ.

• Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí ẹ sì wo fídíò ẹni tó ń ta á lórí irú ẹ̀rọ tiyín gan-an.

• Ẹ mọ òfin ìdápadà owó. Lórí Steam, láti ọdún 2015, ẹni tó bá béèrè láàárín ọjọ́ 14, tí kò sì tíì ta á tó wákàtí méjì, lè gba owó ẹ̀ padà.

• Ẹ bèèrè bí àbùlẹ̀ ẹ̀ ṣe tóbi tó kí ẹ tó rà á, kí ẹ lè ṣírò dátà mọ́ owó ẹ̀.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Àwọn tó ń se ọbẹ̀ yìí ń kánjú, ìyẹn ò ní kí ẹni tó fẹ́ rà á náà kánjú. Níwọ̀n ìgbà tí owó bá ṣì ń wọlé kí aṣọ tó parí, télọ̀ ò ní yé gbé alápá kan jáde.