Ìdánwò Tí Bàbá Mi Ṣe Kí Wọ́n Tó Padà Síbi Iṣẹ́

Ẹ̀yin ará ilé-ìwé wa, kì í ṣe WAEC nìkan ni ìdánwò o. Àpò sìmẹ́ńtì já lu bàbá mi léjìká níbi iṣẹ́. Nígbà tó yá, ọ̀gá wọn ní kí wọ́n lọ bá físíò, kó wo ohun tí ara wọn ṣì lè ṣe. Mo tẹ̀ lé wọn.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà téèyàn máa ń fọwọ́ fún pọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Tí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jìnnà síra jù, wọ́n á béèrè ìdí ẹ̀. Ẹrù gbígbé ló kàn: wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí kílò díẹ̀, wọ́n ń fi kún un, wọ́n sì ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Bàbá mi ń pa ìrora mọ́ra kí iṣẹ́ má baà bọ́. Físíò ní, “Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀ tó bá ti ń dùn yín. Tí mo bá kọ 50 kílò, 50 kílò náà ni wọ́n máa gbé rù yín ní Mọ́ńdè.”

Òfin ọdún 2010 ní kí òṣìṣẹ́ tó fara pa sọ fún ọ̀gá ẹ̀ láàárín ọjọ́ 14, kí ọ̀gá náà fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Ẹ sọ fáwọn òbí yín, torí ọ̀pọ̀ ò mọ̀.

20 kílò ni físíò kọ fún bàbá mi. Àpò ni wọ́n ń kà báyìí, wọn ò rù ú mọ́.