Honda sọ Gold Wing di fúyẹ́, àwọn tó ń gùn ún ní: níbo ni ẹrù ìyàwó wa yóò wà?

Ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ láàárọ̀ yóò mọ̀ pé kò sí ohun tí a kì í dì sórí alùpùpù. Ìyá àti ọmọ méjì, àpò gaàrí, kẹ́ẹ̀gì epo kpayo, ewúrẹ́ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni onízẹ́mì ń gbé, lórí ẹ̀rọ tí òun fúnra rẹ̀ kò wúwo ju nǹkan bíi kílò 120 lọ. Bí wọ́n bá mú alùpùpù tuntun dé, àwọ̀ rẹ̀ kọ́ ni onízẹ́mì máa kọ́kọ́ wò. Yóò fọwọ́ tẹ ìjókòó ẹ̀yìn, yóò wo ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, yóò sì béèrè ibi tí lítà epo kan lè gbé e dé.

Àwọn olówó tó ń gun alùpùpù kiri fún ìgbádùn ní Amẹ́ríkà, ní Yúróòpù àti ní Japan kì í ṣe ẹgbẹ́ onízẹ́mì rárá. Síbẹ̀, nígbà tí Honda gbé Gold Wing tuntun jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, ọ̀rọ̀ kan náà ló dé ẹnu wọn: ẹrù, ìjókòó ẹni ẹ̀yìn, epo.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ohun tí à ń sọ. Gold Wing ní sìlíńdà mẹ́fà, mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún, mẹ́ta lọ́wọ́ òsì, tí gbogbo wọn dùbúlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1833 cc, èyí tó ju ti ọ̀pọ̀ táksí ìlú wa lọ. Ó ní rédíò, ó ní ìjókòó tó ń gbóná nígbà òtútù, gíláàsì iwájú rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni tó ń gùn ún bá tẹ bọ́tìnì, ó sì ní rìfáàsì bíi mọ́tò. Èyí tó ní gbogbo àpótí ẹrù lára, tí wọ́n ń pè ní Tour, wúwo tó nǹkan bíi kílò 380. Ìyẹn ni pé kẹ̀kẹ́ onízẹ́mì mẹ́ta ni ẹnì kan gùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Amẹ́ríkà, iye tí wọ́n ń ta Tour nígbà tó jáde bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 26,700, nǹkan bíi mílíọ̀nù 14 owó CFA nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń san owó kẹ̀kẹ́ yín díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ má bínú sí mi, iye tí wọ́n ń tà á ni mo sọ.

Àwọn wo ló ń rà á? Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbà tí iṣẹ́ ti fẹ́ẹ́ tán lọ́wọ́ wọn tàbí tí wọ́n ti fẹ̀yìntì. Ọkọ á jókòó níwájú, ìyàwó á jókòó lẹ́yìn, wọ́n á sì rin ìrìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Láti ọdún 1977 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun Gold Wing sílẹ̀ ní ìlú Phoenix, ní Arizona, ẹgbẹ́ tó ní ẹ̀ka káàkiri Amẹ́ríkà àti ní òkè òkun kó tó túká ní ọdún 2022. Ohun tó ń kó Honda lọ́kàn sókè nìyẹn: àwọn oníbàárà rẹ̀ ń dàgbà, àwọn ọ̀dọ́ kò sì fẹ́ẹ́ rọ́pò wọn. Lójú ọ̀dọ́, kẹ̀kẹ́ àwọn bàbá àgbà ni Gold Wing.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe fún un ní ara tuntun pátápátá. Wọ́n dín ju kílò 40 kù nínú rẹ̀. Wọ́n yí bí wọ́n ṣe so táyà iwájú mọ́ ara kẹ̀kẹ́ padà, tó fi jẹ́ pé bí táyà bá bọ́ sí kòtò, ńṣe ló ń lọ sókè tààrà dípò kó máa sún sẹ́yìn sọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Èyí jẹ́ kí wọ́n lè gbé ẹ́ńjìnnì àti ẹni tó ń gùn ún síwájú, kí kẹ̀kẹ́ náà sì kéré sí i. Ẹni tó bá fẹ́ lè ra èyí tí kò ní kíláàṣì, tó ní jíà méje tó ń yí fúnra wọn, tó sì lè rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ síwájú tàbí sẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé e síbi tó há. Ti àtẹ̀yìnwá kò ní ju jíà márùn-ún lọ.

Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ ni àpótí. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ lè gba ẹrù tó lé ní lítà 140 nínú àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan lẹ́yìn, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tuntun gba lítà 110: 50 lẹ́yìn, 30 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Táńkì epo náà kúrò ní lítà 25, ó di 21. Àlàyé Honda ni pé kẹ̀kẹ́ fúyẹ́, kò mu epo tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ibi tó ń dé tẹ́lẹ̀ náà ni yóò ṣì máa dé, àti pé ìrìnàjò kúkúrú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rìn nísinsìnyí.

Ọ̀rọ̀ táńkì yẹn kò burú tó bí ó ṣe dún létí. Bí ó bá ń mu nǹkan bíi lítà márùn-ún ààbọ̀ ní kìlómítà 100, lítà 21 yóò gbé e láti Kútọnu dé Ṣábẹ̀ẹ́, yóò sì tún kọjá ibẹ̀ dáadáa láì yà síbi epo. Ara ẹni tó jókòó lórí rẹ̀ á ti béèrè ìsinmi kí epo tó tán.

Ọ̀rọ̀ àpótí ni kò ṣe é fi àlàyé bò. Ẹni tó ń dá gùn ún yin kẹ̀kẹ́ náà: ó ní ó rọrùn láti yí ní kọ́nà, ọwọ́ kì í ro ó, kòtò kì í ta á lára. Àwọn tó ń dán alùpùpù wò fún ìwé ìròyìn náà yìn ín bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tọkọtaya tó fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ méjì lójú ọ̀nà ṣí àpótí ẹ̀yìn, wọ́n rí i pé àkóbòrí méjì, irú kásíkì tó bo gbogbo ojú, kò fẹ́ wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá wá dúró jẹun, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe sí kásíkì? Kí wọ́n gbé e lọ́wọ́ wọ ilé oúnjẹ? Aṣọ òjò ńkọ́? Bàtà ńkọ́? Ẹni tó jókòó lẹ́yìn tún ní ẹjọ́ tirẹ̀: ìfẹ̀yìntì ìjókòó náà dúró gan-an jù. Ìyàwó tí ẹ̀yìn ń ro kò ní tún tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ jáde, bí ìyàwó kò bá sì lọ, kí ni ọkọ fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ ṣe? Àwọn kan ní àwọn kò ní ta ti àtijọ́.

Lójú tèmi, ẹjọ́ wọn tọ́, ṣùgbọ́n Honda náà kò jẹ̀bi tán. Ẹ ronú sí ọkùnrin ẹni àádọ́rin ọdún tó gun kẹ̀kẹ́ tó lé ní kílò 400. Lójú títì tó gbòòrò, kò sí ìṣòro, nítorí ìwúwo rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ibi tí kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń ṣubú ni ibi tí wọ́n ti ń rà pálá: ní ilé epo, lórí òkúta wẹ́wẹ́, níbi tí wọ́n ti fẹ́ yí padà. Ẹsẹ̀ á yọ̀, kẹ̀kẹ́ á sì tẹ̀, agbára àgbàlagbà kò sì lè dá a dúró mọ́. Nítorí èyí ni àwọn kan fi ń sọ Gold Wing wọn di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Kílò 40 tí wọ́n yọ kúrò lè jẹ́ ọdún mélòó kan sí i lórí kẹ̀kẹ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àpótí ńlá tí ó ń béèrè, òun náà ló ń fi kún ohun tó lè wó lù ú.

Kì í ṣe èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn tó ń gun Gold Wing àti àwọn tó ṣe é kò ní gbọ́ ara wọn yé. Nígbà tí Honda kọ́kọ́ gbé e jáde, níbi àfihàn kan ní Cologne, ní Jámánì, lóṣù kẹwàá ọdún 1974, kò ní àpótí kankan, kò sì ní ìbòjú tó ń gba atẹ́gùn dúró. 999 cc ni, sìlíńdà mẹ́rin. Omi ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bíi ti mọ́tò, kò lo ṣéènì, abẹ́ ìjókòó sì ni epo rẹ̀ wà. Àwọn kan wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyẹ́ wúrà ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí. Àwọn ẹlẹ́nu dídùn sọ ọ́ di ìyẹ́ òjé nítorí ìwúwo rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó rà á ló fúnra wọn sọ ọ́ di kẹ̀kẹ́ ìrìnàjò. Wọ́n ra ìbòjú Windjammer lọ́wọ́ Craig Vetter, wọ́n so àpótí mọ́ ọn, wọ́n sì bọ́ sọ́nà. Ọdún 1980 ni Honda tó ṣe èyí tó ní ìbòjú àti àpótí láti ilé-iṣẹ́. Rìfáàsì dé ní ọdún 1988 pẹ̀lú sìlíńdà mẹ́fà. Láti ìgbà náà, kẹ̀kẹ́ náà ń tóbi sí i ṣáá, títí di 2018 tí ó kọ́kọ́ kéré.

Ó gba Honda ọdún mẹ́ta kó tó dáhùn. Ti ọdún 2021 dé pẹ̀lú àpótí ẹ̀yìn tó gba lítà 61, Honda sì fi sínú ìkéde rẹ̀ pé kásíkì méjì tó bo ojú máa wọ̀ ọ́. Wọ́n tẹ ìfẹ̀yìntì ẹni ẹ̀yìn sẹ́yìn díẹ̀ sí i, wọ́n sì mú kí ó nípọn. Àwọn tó ń lo fóònù Android náà ti rí tiwọn gbà ní 2020, nítorí fóònù Apple nìkan ni ti 2018 mọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ohun tó bí àwọn kan nínú ju ọ̀rọ̀ àpótí lọ.

Ní 2025, Honda ṣe àkànṣe rẹ̀ fún àádọ́ta ọdún. Àpótí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣì jẹ́ lítà 30, táńkì rẹ̀ ṣì jẹ́ 21.