Aládùúgbò tí kò fẹ́ kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀

Nínú ìwé ìtàn Terms of Endearment tí Larry McMurtry kọ lọ́dún 1975, kò sí ẹni tó ń jẹ́ Garrett Breedlove rárá. James L. Brooks ló fi í kún ìtàn náà nígbà tó sọ ìwé ọ̀hún di fíìmù lọ́dún 1983.

Opó ni Aurora, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Emma lórúkọ rẹ̀. Nílùú Houston tí wọ́n ń gbé, Garrett ló múlé tì í. Ọkùnrin náà ti lọ sójú òfuurufú rí, àmọ́ ọtí àti ọmọge ló wá kù tó ń lé kiri. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí Aurora tó gbà láti bá a jẹun ọ̀sán. Nígbà tí ìfẹ́ wá wọ̀ wọ́n lára tán, Garrett ní ó ti ń dà bíi pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di ọ̀ranyàn fóun, ló bá yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé obìnrin ló ń sá fún, onítọ̀hún ṣì í mọ̀. Ẹrù ilé ló ń bà á: ọmọ, ọmọ-ọmọ, àìsàn, ẹkún. Ṣùgbọ́n nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ dá Emma dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn ní Nebraska, Aurora kàn ṣàdédé rí Garrett níbẹ̀ ni. Kò sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Lẹ́yìn ìsìnkú, Tommy, ọmọ Emma, ló lọ bá, ó fà á mọ́ra.

Jack Nicholson tó ṣe Garrett àti Shirley MacLaine tó ṣe Aurora ló gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar lọ́dún 1984.